Arí-Jù-Bẹ́ẹ̀-Lọ, Olólùfẹ́ Ijó Ballet ní Covent Garden

Nínú àwọn tó máa ń kún inú Royal Opera House, ilé ìṣeré ńlá tó wà ní Covent Garden nílùú Lọ́ńdọ̀nù, tó sì ń gba èèyàn tó lé ní 2,000, ọ̀pọ̀ ló wá wo ijó, àwọn díẹ̀ wá kí wọ́n lè rí wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yà kẹta kan wà tí kò bá tìkankan wá nínú méjèèjì: àyẹ̀wò ló wá ṣe. Orúkọ tó yẹ ẹ̀yà yìí ni Arí-jù-bẹ́ẹ̀-lọ, nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n lè gbé sórí ìtàgé tí kò ti rí èyí tó sàn jù ú lọ, lọ́dún tí àwọn tó jókòó tì í kò tíì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ijó ballet ni ijó tí ó ti ààfin àwọn ọlọ́lá Ítálì àti ti àwọn ọba Faransé jáde, tí àwọn ará Rọ́ṣíà wá sọ di ńlá, nínú èyí tí wọ́n ti ń fi ara sọ ìtàn láìla ẹnu, tí àwọn obìnrin sì ń dúró ṣánṣán lórí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ nínú bàtà tí wọ́n fi aṣọ àti àtè mú imú rẹ̀ le. Ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan lè sọ pé ó dára. Arí-jù-bẹ́ẹ̀-lọ kì í lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a kọ́kọ́ fi ń dá a mọ̀ ni pé kì í dárúkọ eré. Bí ará ìta bá ní òun ń lọ wo Swan Lake, ìtàn ọmọbìnrin kan tí oṣó sọ di ẹyẹ omi funfun ọlọ́rùn gígùn, tí Tchaikovsky kọ orin rẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Moscow lọ́dún 1877, tí Petipa àti Ivanov sì tún tò ní St Petersburg lọ́dún 1895, Arí-jù-bẹ́ẹ̀-lọ yóò béèrè pé ti ta ni. Ìdí ni pé iṣẹ́ olú oníjó inú eré náà le ju ohun tí ẹnì kan lè máa ṣe lálaalẹ́ lọ, nítorí náà àwọn obìnrin mélòó kan ló máa ń pín in jó, tí ti òní á yàtọ̀ sí ti ọ̀la. Wọn a máa kéde orúkọ wọn ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, ọjọ́ tí ìkéde náà bá sì jáde, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀: yóò fi orúkọ wé ọjọ́, yóò wo ẹni tí wọ́n fún ní alẹ́ àkọ́kọ́, yóò wo ẹni tí wọ́n tì sí ọ̀sán Sátidé, bí ó bá sì ṣe pé ààyò rẹ̀ ni wọ́n tì sọ́sàn-án, ọ̀tẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ Royal Ballet, tí Ninette de Valois dá sílẹ̀ ní 1931, a máa to àwọn oníjó rẹ̀ sípò, láti orí àwọn tó ń jó pọ̀ lẹ́yìn títí dé orí àwọn olórí oníjó tí wọ́n ń pè ní Principal. Arí-jù-bẹ́ẹ̀-lọ mọ ẹni tí oyè kàn, ó mọ ẹni tí oyè kò tọ́ sí, ó sì mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n ti rọ̀ lóyè láti ọdún méjì sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó fi í sínú àwọn afọbajẹ.

Nítorí pé owó kò lè tó ẹni tó ń wo eré kan náà ní ìgbà márùn-ún láàárín oṣù kan, kì í jókòó nísàlẹ̀ níwájú, níbi tí àwọn olówó wà. Ibùjókòó rẹ̀ wà lókè pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí apá kan ìtàgé kì í ti í hàn àfi kí èèyàn na ọrùn kọjá irin, ó sì ti sọ àìlówó yìí di ìmọ̀: ó ní ẹni tó bá jókòó nísàlẹ̀ kò lè rí i bóyá ìlà àwọn oníjó ẹ̀yìn tọ́, pé àlejò tó wá mu wáìnì ni gbogbo wọn. Awò tó ń fa ohun ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé ni àwọn páálí wà, tó kún fún ìwé pélébé tí wọ́n máa ń tẹ orúkọ àwọn oníjó alẹ́ kọ̀ọ̀kan sí, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti fi bírò kọ ìdájọ́ sí etí wọn: “apá òsì”, “kò gbọ́ orin”, “ti tẹ́lẹ̀ sàn jù”.

Ibi tí ìwà rẹ̀ ti máa ń hàn jù ni ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ oníjó. Ijó yìí a máa rọ́ni lọ́rùn ẹsẹ̀, a sì máa já iṣan, nítorí náà ó ń ṣẹlẹ̀ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé kò ní lè jó. Bí iná bá ti kú, tí ẹnì kan tó wọ kóòtù sì yọ síwájú aṣọ ìkélé, gbogbo ilé á mí kanlẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìròyìn ayọ̀ kì í gba ibẹ̀ wá. Wọ́n á dárúkọ ọmọdébìnrin kan tí kò jó ipò náà rí. Arí-jù-bẹ́ẹ̀-lọ á mi orí, á sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í bóyá wọ́n máa dá owó padà, nígbà tí ó mọ̀ dájú pé wọn kì í dá a.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò á bẹ̀rẹ̀. Ní ìpele kẹta, Odile, ọmọ oṣó tó wá tan ọmọ ọba jẹ, máa ń yí lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ní ìgbà 32, tí ẹsẹ̀ kejì á máa gbá afẹ́fẹ́ kí ó lè rí agbára yí. Fouetté ni wọ́n ń pe ìyí yìí, Pierina Legnani, ọmọ Ítálì, ló sì mú un wọ inú eré náà ní 1895. Ní gbogbo àsìkò yìí, ìka Arí-jù-bẹ́ẹ̀-lọ wà lórí orúnkún rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, kò rí aṣọ, kò gbọ́ orin, kò mọ̀ pé ìfẹ́ ń pa ọmọ ọba kú lọ. Bí ó bá jẹ́ 29, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Bí ó bá pé 32, yóò ní idán lásán nìyẹn, pé bí apá ṣe ń rìn ní ìpele kejì ni a fi ń mọ oníjó.

Àwọn òkú ló fi ń na àwọn alààyè. Ní oṣù Kejì ọdún 1962, Margot Fonteyn, tó ti pé ẹni ọdún 42, àti Rudolf Nureyev, ọmọ ọdún 23 tó sá mọ́ àwọn aláṣẹ Soviet lọ́wọ́ ní Paris lọ́dún tó ṣáájú, kọ́kọ́ jó eré Giselle pọ̀ ní Covent Garden, àtẹ́wọ́ sì pọ̀ débi tí wọ́n fi jáde wá tẹríba ní ìgbà 23. Bí a bá gbọ́ bí Arí-jù-bẹ́ẹ̀-lọ ṣe ń ròyìn alẹ́ náà, bí Nureyev ṣe kúnlẹ̀ tó sì fẹnu ko Fonteyn lọ́wọ́, a ó rò pé ó wà níbẹ̀, àfi bí a bá ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀, tí a sì rí i pé bàbá àti ìyá rẹ̀ kò tíì pàdé. Bí ọmọdé láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó o; àkísà yìí gan-an ni ọjà rẹ̀, kódà nígbà tó jẹ́ pé ó yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìran rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Wọ́n ń sọ ọ́ nínú agbo ballet pé nígbà tí Marie Taglioni, ẹni tó sọ jíjó lórí ọmọ-ìka di iyì nínú La Sylphide ní Paris ní 1832, fẹ́ kúrò ní St Petersburg ní 1842, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ra bàtà ijó rẹ̀, wọ́n sè é, wọ́n bu ọbẹ̀ sí i, wọ́n sì jẹ ẹ́. Yálà ó rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, Arí-jù-bẹ́ẹ̀-lọ gbà á gbọ́; ohun tó ń dùn ún níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó kọ alẹ́ tí ó wọ bàtà náà sílẹ̀.

Síbẹ̀, a kò lè pè é ní aláìwúlò. Lóòótọ́, Joan àti Rudolf Benesh ṣe àmì kan tí wọ́n ń kọ sórí ìlà márùn-ún láti fi pa ìgbésẹ̀ ijó mọ́, fídíò náà sì ti dé, ṣùgbọ́n ara ló ṣì ń kọ́ ara, tí àgbà oníjó á dúró nínú yàrá ìdánrawò, tí á fi ọwọ́ tún apá ọmọdé ṣe bí wọ́n ṣe tún tirẹ̀ ṣe nígbà kan. Bí oníjó kan ṣe dúró díẹ̀ kí orin tó bá a, ní alẹ́ kan pàtó, inú iyè àwọn tó wà níbẹ̀ nìkan ló ń gbé, Arí-jù-bẹ́ẹ̀-lọ sì wà níbẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí méjì nínú wọn bá pàdé lórí àtẹ̀gùn lákòókò ìsinmi, ọ̀kan á ní 32 ni obìnrin náà yí lálẹ́ ọjọ́ báyìí, èkejì á búra pé kò pé, wọ́n á sì máa fa ọ̀rọ̀ náà títí agogo á fi dún, láìsí èyí tó rántí bóyá inú òun dùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bí ọmọdébìnrin tó rọ́pò bá wá jó débi tí gbogbo ilé dìde dúró, ọ̀rọ̀ á yí. Kí Arí-jù-bẹ́ẹ̀-lọ tó dé ẹnu ọ̀nà àwọn oníjó ní Floral Street, ó ti di pé òun ti rí ọmọ náà láti ìgbà tó wà láàárín àwọn ẹyẹ ẹ̀yìn, ẹni kẹfà láti apá òsì, pé òun sọ ọ́ nígbà náà, wọn kò gbọ́. Nígbà tí ọmọ náà bá jáde pẹ̀lú irun tútù, tó gbé báàgì kọ́ èjìká, yóò kí i kú iṣẹ́, yóò sì rọ̀ ọ́ pé kí ó ṣọ́ apá òsì rẹ̀. Ọmọ náà á dúpẹ́. Kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé Arí-jù-bẹ́ẹ̀-lọ délé, ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ tí ọmọ náà máa tún un jó, ó sì ti ń sọ fún ẹni tí wọ́n jọ wọkọ̀ pé kò dá òun lójú pé yóò tó ti alẹ́ yìí, èyí tí òun fi ojú ara òun rí.