Ta Ló Kó Ìwé Inú Kọ́bọ́ọ̀dù?

Ẹ sún mọ́bí, ẹ fa àpótí kan jókòó. Kì í ṣe ìyẹn! Ẹsẹ̀ ìyẹn kan kúrú, ó gbé Ìyá Oníkúnú ṣubú lánàá, màá dé ibẹ̀ láìpẹ́. Èmi kì í ṣe olófòófó o. Gbogbo Ungwan Boro ní Kaduna níbí ló mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá wọnú mi, ó ti wọ kànga. Ó kàn jẹ́ pé yàrá mi ló sún mọ́ géètì jù ni, ojú mi sì máa ń là kí màì-ruwa tó ń ta omi fún wa tó ti ọmọlanke rẹ̀ dé. Ẹni tí ojú ẹ̀ là á rí nǹkan, àbí kò ní rí?

Ọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ni mo fẹ́ sọ. Kọ́pà kan ló gbé yàrá kẹrin lápá òsì, ọmọ tó mọ̀kíni. Bó bá ti rí mi, á ti dọ̀bálẹ̀ tòun ti kákí. Nígbà tí ọdún ìsìnlú rẹ̀ pé, ó kó páálí ìwé mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn ọmọ inú ọgbà, ó ní ká fi dá ilé ìkàwé sílẹ̀. Ilé ìkàwé kẹ̀! Nínú ọgbà tí ojúlé mẹ́rìnlá ti ń du ṣáláńgá méjì! Bàbá onílé ní òun ò ní yàrá tó ṣófo. Kápẹ́ńtà tiwa ní kò tó ìjà, òun á kan kọ́bọ́ọ̀dù.

Kápẹ́ńtà yìí kan náà ló gbowó bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì láti ìgbà òjò èṣí. Àwọn ìbejì ti ń rìn báyìí, orí ẹní ni bàbá wọn ṣì ń sùn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, kò kàn wá.

Ó kan kọ́bọ́ọ̀dù lóòótọ́, a gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò. Ọjọ́ kẹta ni bàbá onílé fi àgádágodo sí i. Ó ní ewúrẹ́ á jẹ ìwé. Ó ní ọwọ́ àwọn ọmọ dọ̀tí. Ó ní Ìyá Alákàrà á fi wé àkàrà tà. Háà! Ìyá Alákàrà gbọ́ láti ìdí agbada. Ó tú gèlè, ó fi di ìbàdí, ó ní kí ni wọ́n fi ń wé àkàrà nílé bàbá ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn, ṣé awẹ́ obì ni?

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ inú mi. Bébà àkàrà yẹn ló kọ́ ọmọ mi àgbà ní ìwé kíkà. Bó bá ti jẹ àkàrà tán, á fi ìka nu epo kúrò, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà nísàlẹ̀. Ìpolówó àbẹ́là lónìí, èsì ìbò lọ́la. Lọ́jọ́ kan ló bá kà á jáde ketekete lójú gbogbo ayé pé ọmọ báyìí báyìí gba méjì nínú ogún nínú ìṣirò. Ọmọ bàbá onílé ni! Àṣé wọ́n ti ta ìwé iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ mọ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ fún Ìyá Alákàrà. Láti ọjọ́ náà ni bàbá onílé kò ti fẹ́ràn ọmọ tó bá mọ̀wé kà. Ẹ̀yin ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni.

Bàbá tó bí mi pàápàá, orí ẹní ló ti kọ́ ìwé. Rélùweè ló gbé e dé Kaduna láti Ọ̀fà, ó ríṣẹ́ sí Kaduna Textile ní Kakuri, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í hunṣọ ní 1957. Ayé ìgbà náà ni ìjọba Àríwá ń ṣe Yaƙi da Jahilci, ogun tí wọ́n gbé ti àìmọ̀wé. Àgbà tó nírùngbọ̀n á jókòó ti ọmọ tó lè bí, wọ́n á jọ máa pe lẹ́tà. Bàbá mi tí kò mọ A ti Yorùbá, Hausa ló fi mọ̀wé kà. Gaskiya Ta Fi Kwabo kì í wọ́n nínú àpò rẹ̀, ìwé ìròyìn Zaria tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939, Abubakar Imam ni olóòtú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìtumọ̀ orúkọ yẹn ni pé òtítọ́ ju kọ́bọ̀ lọ. Màmá mi a ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kó fi òtítọ́ ra ẹ̀fọ́ wá lọ́jà. NORLA, àjọ ìwé ti ìjọba Àríwá, náà wà ní Zaria níbẹ̀, wọ́n ń tẹ ìwé pélébé-pélébé ní èdè àwọn ará Àríwá kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé lè rí nǹkan kà. Owó tán nídìí rẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kí òmìnira tó dé. Bàbá mi ní wọ́n kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń run òkèlè tán, wọ́n wá gbé ìkòkò ọbẹ̀ sá.

Níbo ni mo dé? Ẹ̀ẹ́n, àgádágodo. Oṣù mẹ́ta ni kọ́bọ́ọ̀dù fi wà ní títì. Bí a bá béèrè kọ́kọ́rọ́, bàbá onílé á ní ó wà nínú agbádá tó wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Alágbàfọ̀ ní òun ò rí agbádá.

Ó dùn mí, nítorí kọ́pà yẹn ti jókòó sórí pèpéle yìí kó tó lọ, ó sọ fún wa bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń ṣe é. Ó ní ní Nkayi, ní Zimbabwe, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń fa ilé ìkàwé. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990 ló ń di ìwé sínú ọmọlanke, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á fà á láti abúlé kan sí òmíràn. Wọ́n tiẹ̀ gbé sólà lé orí òmíràn nínú wọn. Ó ní ní Garissa ní Kenya, ràkúnmí ni, láti 1996: ọ̀kan ru ìwé, ọ̀kan ru àgọ́, wọ́n á tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú iyanrìn, àwọn ọmọ darandaran á máa kàwé. Ìyá Alákàrà ní bí ebi bá pa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ́nà, ṣé kò ní jẹ ìwé? A rẹ́rìn-ín títí.

Màì-ruwa ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, ó ní, "Ta ló ń sanwó ẹni tó ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?" Kọ́pà lanu sílẹ̀. Ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ó ní ní Béréba, ní Burkina Faso, níbi tí Friends of African Village Libraries ti bẹ̀rẹ̀ ní 2001, ọmọ abúlé ni wọ́n gbà síṣẹ́, wọ́n sì ń sanwó fún un, kó lè máa ṣílẹ̀kùn fáwọn èèyàn. Ìwé kì í wọ́n jù, ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn ló wọ́n. Ẹ rí màì-ruwa tí ẹ kì í kí dáadáa un.

Ti Accra ló wù mí jù. Òyìnbó ará Kánádà kan, Kathy Knowles, ń kàwé fáwọn ọmọ àdúgbò lábẹ́ igi nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní 1990. Nígbà tí èrò pọ̀, ó wá kọ̀ǹténà ọkọ̀ òkun, ó fi ṣe ilé ìkàwé ní Osu ní 1992. Kọ̀ǹténà! Mélòó ni kò sí láàárín ibí sí Sabon Tasha, tí wọ́n ń ta káàdì àti bísíkíìtì nínú rẹ̀? Ungwan Boro ti kún àkúnya láti ìgbà rògbòdìyàn ẹ̀sìn ọdún 2000 tí ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì ti sọdá odò Kaduna wá síhà gúúsù. Ọmọ Bajju, ọmọ Gbagyi, ọmọ Ìgbò, ọmọ tèmi, Hausa ni gbogbo wọn jọ fi ń bú ara wọn. Ilé ìkàwé kan ṣoṣo á gbà wọ́n.

Ó di Sátidé tó kọjá, a fárí gá. A ní kí kápẹ́ńtà mú òòlù wá. Bàbá onílé jáde, ó wọ agbádá tó ní ó wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. A dákẹ́, àgbà ni. Wọ́n já àgádágodo. Wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Òfìfo!

Páálí ìwé mẹ́ta, kò ku ẹyọ kan. Bàbá onílé fọwọ́ lérí, ó ní ṣé òun ò sọ bẹ́ẹ̀, olè pọ̀ nínú ọgbà yìí. Ìgbà náà ni ọmọ mi kékeré na ọwọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti pákó ẹ̀yìn bíńtín, pákó sì ṣí gbayawu bí ilẹ̀kùn ilé epo. Kápẹ́ńtà olówó bẹ́ẹ̀dì, ìṣó kan ṣoṣo ló fi kàn án! Àwọn ọmọ ti ń gba ẹ̀yìn kówèé láti ọjọ́ kẹrin.

Ìwé eléwé ogójì kan wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi rúlà fa ìlà sínú rẹ̀: orúkọ ẹni tó yáwèé, ọjọ́ tó mú un, ọjọ́ tó dá a padà. Ẹni tó bá pẹ́ á san àkàrà méjì. A wo ọwọ́ ìkọ̀wé, ọwọ́ ọmọ bàbá onílé ni! Ọmọ tó gba méjì nínú ogún, ó ṣírò àkàrà gbogbo ọgbà, kò ṣìṣe kan. Bàbá rẹ̀ mú ìwé náà, ó kà á síwá, ó kà á sẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan. Ó kó àgádágodo rẹ̀ sápò, ó wọlé lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ó rán ìyàwó rẹ̀ sí mi, pé ṣé ìwé tó sọ nípa adìyẹ sísìn wà níta.

Àwọn tí kò tíì dá ìwé padà tò sójú ewé tó gbẹ̀yìn. Ìyá Alákàrà wà níbẹ̀, àkàrà ara rẹ̀ ló fi ń san gbèsè. Màì-ruwa wà níbẹ̀, mẹ́ta ló yá. Èmi náà... ẹ fara balẹ̀ ná. Mo kà á o, mo ka ojú ewé mẹ́fà. Nínípọn rẹ̀ ló dáa, ni mo bá fi tẹ́ ẹsẹ̀ àpótí yẹn. Lánàá ni ọmọ bàbá onílé wá yọ ọ́ kúrò, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, Ìyá Oníkúnú sì lọ jókòó lé àpótí náà.

Àkàrà méjì ni mo jẹ. Mo ti san ọ̀kan.