Eré Inú Ẹ̀gún

Àwọn àgbà ní ènìyàn kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá ń lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu wa tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Bí ẹnì kan bá sáré kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa, a ó kọ́kọ́ wo iwájú rẹ̀, a ó tún wo ẹ̀yìn rẹ̀: ẹran wo ló ń lé, tàbí olówó èlé wo ló ń lé e? Lónìí, mo fẹ́ gbé òwe náà lọ sí agbègbè Tchaourou, ní ẹkùn Borgou lórílẹ̀-èdè Benin, kí n wò ó bóyá ó ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọkùnrin kan níbẹ̀ ti fẹ́ sọ àwọn àgbà di òpùrọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe àwọn ẹlẹ́rìí tó gbe òwe náà. Oní-kpayo ni àkọ́kọ́. Kpayo ni epo bẹntiróòlù tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì káàkiri Benin. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà ibodè ti rí Vespa àtijọ́ tí wọ́n sọ inú rẹ̀ di táǹkì, tí ike epo tún rọ̀ mọ́ awakọ̀ bí ọmọ ṣe ń rọ̀ mọ́ ìyá, títí tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ ibi tí ọkọ̀ parí sí àti ibi tí epo ti bẹ̀rẹ̀. Owó ń bẹ níwájú ọkùnrin yẹn, aṣọ́bodè ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń lé, wọ́n sì ń lé e; ẹ̀ẹ̀mejì ni òwe ṣẹ mọ́ ọn lára. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí kpayo sì wọ́n gógó, èrè tó ń lé ti sún síwájú díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lé e kò sún sẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pe iṣẹ́ rẹ̀ ní fàyàwọ́. Ẹ kò lè pe eré rẹ̀ ní asán.

Ẹlẹ́rìí kejì ni ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní zemidjan. Èdè Fọ̀n ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju “gbé mi kíákíá” lọ. Ẹni tí àwọn èrò ti fi àṣẹ sọ lórúkọ, kí ló kù tí yóò ṣe ju kó sáré? Owó èrò ló ń lé, ebi ló ń lé e.

Ẹ̀kẹta ni awakọ̀ àjàgbé. Títì ńlá tó ti Cotonou lọ sí Malanville gba àárín Tchaourou kọjá kó tó dé Parakou. Ní Yúróòpù, òfin ní kí àjàgbé ńlá ní ìjánu eré nínú, kó má lè kọjá kìlómítà 90 ní wákàtí kan. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá darúgbó, tó sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Cotonou gẹ́gẹ́ bíi tòkunbọ̀, ẹni tó bá mọ gáréèjì mọ̀ pé ìjánu náà kì í sábà bá a dé òkè. Awakọ̀ ní ìdí tirẹ̀: ọjà àwọn ará Niger ń dúró dè é. Àfi ìgbà tó di oṣù keje ọdún 2023, tí ológun gbàjọba ní Niamey, tí wọ́n ti ẹnubodè pa, tí ọkọ̀ ẹrù sì tò gbọọrọ sí Malanville lẹ́bàá odò Ọya. Ẹni tó yọ ìjánu kó lè tètè dé, òun ló tètè dé ìdí ìdúró.

Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí, bí a bá ń bú wọn, a mọ ohun tí a ń bú wọn fún. Òwe ṣì dúró. Ẹnìkẹrin ló kù.

N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe ẹnì kan. Àlọ́ ni mo fi ń pa á, kí ẹni tí ó bá bá wí bá wa gbe orin. Ó ní oko kájú àti iṣu ní kìlómítà mẹ́jọ sí ìlú, lọ́nà Bétérou, níbi tí ilẹ̀ pupa ti gba ojú òjò bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe ń gba àbàjà. Ó ra ọkọ̀ oko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin: ìjókòó méjì níwájú, pẹpẹ ẹrù lẹ́yìn, táyà gbàgìdì tí kì í bẹ̀rù ẹrẹ̀. Kawasaki ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 1988, wọ́n sì sọ ọ́ ní Mule. Ìbaaka nìyẹn. Àwọn tó ṣe é kò fi orúkọ tan ẹnikẹ́ni: wọn kò pè é ní àṣá, wọn kò pè é ní ìjì. Ìbaaka ni wọ́n pè é, ẹranko tí ń ru ẹrù, tí kì í bá ẹṣin díje. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kì í kọjá nǹkan bíi kìlómítà 40 ní wákàtí kan, torí pé wọ́n ti fi ìjánu eré sí i nínú kó tó kúrò níléeṣẹ́.

Ìjánu yìí kì í ṣe ọgbọ́n àná. Ní ọdún 1788, James Watt fi bọ́ọ̀lù irin méjì sára ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ náà bá ti ń yára, bọ́ọ̀lù méjèèjì a fẹ̀ jáde bí aṣọ egúngún tó ń pòyì, wọ́n a sì fa ọ̀pá tó ń dín ooru tó ń wọlé kù. Ẹ̀rọ tó bá fẹ́ ya wèrè, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń fún ara rẹ̀ lọ́fun. Lóde òní, kọ̀ǹpútà kékeré kan ló sábà ń ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ni.

Kí ló dé tí wọ́n fi ìjánu de ìbaaka? Ọkọ̀ oko ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, kó lè gba àárín igi, kó sì lè gun kùkùté. Ohun tó ga tó tún tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni kì í yí i lójijì. Ní oṣù kẹta ọdún 2009, Yamaha ní kí àwọn tó ra Rhino, ọkọ̀ oko tí wọ́n fi orúkọ àgbáńréré pè, gbé e padà wá fún àtúnṣe. Àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà ti yẹ ìjàǹbá tó lé ní 50 wò, ènìyàn 46 ló sì kú nínú wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà dojú dé, àwọn mìíràn tilẹ̀ dojú dé lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, níbi tí awakọ̀ ti ń yíwọ́ láìsáré púpọ̀. Irin ni wọ́n fi fẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Àwọn iléeṣẹ́ kan tún ṣe é kí ọkọ̀ oko wọn má lè kọjá nǹkan bíi kìlómítà 24 ní wákàtí kan bí awakọ̀ kò bá de bẹ́líìtì. Kí lọmọ aráyé ṣe? Wọ́n rọ ahọ́n irin kékeré kan, wọ́n ń tà á, kí ẹni tí kò fẹ́ de bẹ́líìtì lè tì í bọ ihò rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó purọ́ fún ọlọ́pàá. Mo ti rí ẹni tó purọ́ fún ìyàwó. Ẹni tó sanwó láti purọ́ fún ìjókòó, ìran tiwa ló bí i.

Ẹ má rò pé ọ̀nà oko nìkan ni. Ní Nàìjíríà, FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1988, bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin de ọkọ̀ èrò tí kò ní ìjánu eré ní oṣù kẹwàá ọdún 2016. Awakọ̀ mìíràn á ra ìjánu, á gba ìwé rẹ̀, á fi ìwé síwájú ọkọ̀, á sì ní kí wọ́n tú wáyà. Ìwé ń rìn ní 90, ọkọ̀ ń sá ní 130.

Ọkùnrin wa wa ìbaaka rẹ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò tí mẹkáníìkì fi ṣe ṣọ́ọ̀bù.

“Ọmọ mi, bá mi tú okùn ọrùn ẹranko yìí.”

Ọmọkùnrin náà nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Kí lẹ fẹ́ lé?”

“N kò lé nǹkan kan.”

“Ṣé wọ́n ń lé yín ni?”

“Èmi? Ta ni yóò lé mi nílùú yìí?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Owó iṣẹ́ ni mo fẹ́ mọ̀. Ẹni tí wọ́n ń lé kì í dúnàádúrà.”

Wọ́n dúnàádúrà títí, ìyẹn sì ni ẹ̀rí pé Bàbá kò sá fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n tú ìjánu. 40 di 80.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Oko kìlómítà mẹ́jọ, lórí 40, ìṣẹ́jú méjìlá ni. Lórí 80, ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ọkùnrin wa ti jèrè ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko. Kí ló fi í ṣe? Kájú kò gbọ́ pé olóko ti tètè dé. Ìgbà tó bá wù ú ló ń já bọ́. Iṣu ń ta nínú ebè láìbojú wo aago. Àwọn alágbàṣe ti mọ̀ pé aago méje làwọn ń dé, wọn kò sì yí ẹsẹ̀ padà nítorí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí òkúta, ó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́fà rẹ̀ pa yànmùyánmú. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Lẹ́yìn ẹfà tirẹ̀, táyà tuntun wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tó já wà níbẹ̀, epo tó ń tán bí omi inú ajere náà wà níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kò rántí. Ó tú ìjánu, kò ra bíréèkì mìíràn. Ìṣirò kan sì ń bẹ tí kì í gba ẹ̀bẹ̀: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí bíréèkì nílò kí ọkọ̀ tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Eré ti lọ sí Cotonou, bíréèkì ṣì wà lábúlé. Àwọn ọmọ tó ń ṣa kájú lẹ́bàá ọ̀nà kò mọ ìṣirò yìí, màlúù Fúlàní tó ń kọjá kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ara wọn ni wọ́n máa fi san án. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, bọ́ọ̀sì àti àjàgbé forí gbárí nítòsí Dassa lórí títì ńlá kan náà tó gba Tchaourou kọjá, ènìyàn tó lé ní 20 ló sì kú. Ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn ọjọ́ yẹn kì í fi eré ṣeré.

Bí ẹ bá bá ọkùnrin wa wí, á ní, “Owó mi ni mo fi rà á.” Òótọ́ ni. Owó rẹ̀ ló ra ọkọ̀; kò ra ọ̀nà, kò sì ra ọmọ ẹni tó ń kọjá lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká lọ wo iṣẹ́ ìjánu ní ìlú Nikki nígbà ọdún Gaani, níbi tí àwọn Ìbàrìbá, tí wọ́n bí sórí ẹṣin, ti ń fi ẹṣin dárà níwájú ọba. Wọ́n wọ ẹṣin láṣọ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, kàkàkí ń dún, eruku ń sọ. Ẹ wo ẹnu èyí tó mọ eré é sá jù lọ. Ìjánu tó dára jù lọ ló wà níbẹ̀. N kò tíì gbọ́ kí ẹlẹ́ṣin kan sọ pé ìjánu ni kò jẹ́ kí ẹṣin òun yára. Ìjánu ni ẹlẹ́ṣin fi yàtọ̀ sí ẹrù tí ẹṣin gbé.

Ìjánu tí a sì yọ kúrò nínú ọkọ̀, ìlú á tún un mọ. Ẹ ti rí gegele tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì bí a bá ti fẹ́ wọ ìlú, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn bí ebè iṣu. Dos d'âne ni èdè Faransé ń pè é, ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yìí náà sì ni bàbá ìbaaka; ẹṣin ni ìyá rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin wa fi 80 gun ẹ̀yìn bàbá ọkọ̀ rẹ̀. Bàbá gbé e sókè kó lè rí òrùlé ilé ara rẹ̀, ó sì dá a padà sílẹ̀ láìsí fìlà.

Mo ti múra tán láti kéde pé òwe ti kú. Ẹ wo ọkùnrin tó ń sáré nínú ẹ̀gún, tí kò lé nǹkan, tí nǹkan kan kò lé e, tó tún fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀gún náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí láti sin òwe láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá a sùn. Mo padà lọ bá mẹkáníìkì lábẹ́ igi máńgòrò. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kí n jókòó.

Ó ní ní ọjọ́ ọjà tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n tú ìjánu, Bàbá ń bọ̀ láti oko, ìbaaka rẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ lórí 40. Ọmọdékùnrin kan lórí alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó kó ewúrẹ́ lọ ta, fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀, ó yà á sílẹ̀, ó kọjá. Eruku pupa bo Bàbá láti fìlà dé bàtà. Ìyẹn kọ́ ló dùn ún. Ewúrẹ́ kan ló wà lẹ́yìn pátápátá, tó kọjú sí i, tí ewé ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó wo Bàbá. Ó jẹ ewé rẹ̀ tán. Ó tún wò ó, ó sì ní, “Mẹ̀ẹ̀.” Àwọn ọmọ tó ń ṣa kájú lẹ́bàá ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín.

Mo dìde, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn àgbà. Òwe wọn kò kú, kò tilẹ̀ rẹ̀ ẹ́. Nǹkan ń lé ọkùnrin náà láti oko dé ilé, láti ilé dé oko, lórí 80, láìsí ìjánu. Ewúrẹ́ ni.

Ewúrẹ́ ọ̀hún sì ti di ọbẹ̀ láti ọjọ́ ọjà yẹn.