Ímeèlì, Ọ̀gá Mo-gbọ́-mo-yà

Ímeèlì, fìdí kalẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ ló délẹ̀ lónìí. O ti lé ní àádọ́ta ọdún lókè eèpẹ̀, ó yẹ kí o ti dàgbà, àmọ́ o ò tíì mọ̀ pé wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé onílé.

Ẹ̀bi rẹ nìkan kọ́, bí wọ́n ṣe bí ọ ni. Lọ́dún 1971, nílé iṣẹ́ BBN ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts, Ray Tomlinson fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Ẹ bá mi wò ó: inú yàrá kan náà ni kọ̀ǹpútà méjèèjì wà! Orí ARPANET, ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn, ni lẹ́tà ọ̀hún gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Wọ́n ní nígbà tó fi han ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, ó ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, torí kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún nìyẹn. Kí ni lẹ́tà náà wá sọ? Tomlinson fúnra rẹ̀ gbàgbé. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ QWERTYUIOP, ìyẹn ìlà lẹ́tà òkè orí kíbọọ̀dù. Ìsọkúsọ lo fi la ẹnu, Ímeèlì, ó sì mọ́ ọ lára. Kódà @ tí o so mọ́rùn, ti àwọn oníṣòwò ni, òun ni wọ́n fi ń kọ iye ọjà.

Nígbà tó di 1976, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì tẹ ímeèlì kan ránṣẹ́ láti Malvern nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ọba ti bọ̀ lọ́wọ́, ta ló tún tó bá a wí? Orí wú ọ. Ní oṣù Karùn-ún 1978, Gary Thuerk, tó ń polówó ọjà fún ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà DEC, kọ ìpolówó kan, ó dà á sílé nǹkan bí 400 ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú bí wọn, wọ́n kìlọ̀ fún un. Ọjà tà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ta ilẹ̀ ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí fi ń kí mi kú oríire lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì ra àpò sìmẹ́ǹtì kan.

Àwọn tó ń fi ọ́ pawó gan-an ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ní oṣù Kẹwàá 1997, lẹ́tà kan já lu bí 13,000 òṣìṣẹ́ Microsoft. Ẹnì kan tẹ Reply All, ó ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò lára àwọn tó ń gbà á. Àwọn mìíràn tẹ̀ ẹ́: "Èmi náà!" Àwọn ọlọgbọ́n wá dìde, àwọn náà tẹ Reply All, wọ́n ń bẹ gbogbo ayé pé kí wọ́n yéé tẹ Reply All. Ẹ̀rọ dákú.

Irú wọn kún ọ́fíìsì wa. Ẹni tó jókòó tì mí, tí ìgúnpá wa ń kanra, kò lè yíjú kó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú sítépúlà yẹn." Rárá o. Ó kọ̀wé, ó kí mi, ó gbàdúrà fún ìlera mi, ó wá fi MD àti àwọn HR sí CC. Torí sítépúlà! Kí n tó kà á tán, MD ti ní kí n wá sọ tẹnu mi.

Àwa náà la gbé ọ gẹ̀gẹ̀. Bí ọdún 2000 ṣe wọlé, káfẹ́ ò lóǹkà l'Ékòó àti n'Íbàdàn. A ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, a ń bíráwúsì mọ́jú, ẹ̀fọn ń jẹ wá, jẹnẹrétọ̀ ń ké. Ibẹ̀ làwọn ìgárá ọmọ ti sọ ara wọn di opó ọ̀gágun tó fẹ́ bá òyìnbó tí kò rí rí pín mílíọ̀nù dọ́là. Lóòótọ́, wọ́n ti ń fi sítáǹbù àti fáàsì lu jìbìtì yẹn kí o tó dé, ṣùgbọ́n ìwọ lo sọ ọ́ di ọ̀fẹ́, tí orúkọ Yahoo fi mọ́ wọn lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní WhatsApp ti gbapò rẹ̀, ẹ rọra. Bàbá wa kan ra fóònù Android tuntun. Kí wọ́n tó rí WhatsApp gbà sí i, Play Store ní kí wọ́n mú ímeèlì wá. Wọ́n ní ọ̀kan, pásíwọ́ọ̀dù ni wọn ò rántí. Google ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí ímeèlì wọn àtijọ́, èyí tí ọmọ káfẹ́ bá wọn ṣí, tó kọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì. A lọ wá ọmọ náà. Káfẹ́ ti di ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́, ọmọ sì ti wà ní Kánádà. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní bí a bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ká fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i.