Ìwé Ìròyìn Tó Ń Rùn Bíi Ṣáwà

Ẹnu mi ló kó bá mi. A ṣèpàdé nípa ilé ìkàwé àdúgbò wa, kálukú ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ni mo bá dìde, mo sọ̀kò ọ̀rọ̀. Mo ní ìtìjú ńlá ni kí òrùlé máa jò lé orí ìwé lójú àwa tó kàwé. Mo ní bó bá jẹ́ pé nǹkan wà lọ́wọ́ èmi ni, ilé náà ìbá ti máa dán. Wọ́n pàtẹ́wọ́. N kò tíì jókòó tí alága fi ní, “Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ẹ̀yin náà lẹ máa bá wa dúró ti iṣẹ́ ọ̀hún.”

Tíṣà èdè Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Tí ẹ bá bi mí léèrè ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ, ẹ ó gbádùn mi. Ṣùgbọ́n ní ti ilé kíkọ́, gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni pé ilẹ̀kùn máa ń wà lára ògiri. Ǹjẹ́ kí n kúkú sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Rárá o. Mo ra akoto aláwọ̀ ìyeyè, irú èyí tí àwọn ẹnjiníà ń dé, mo fi bírò há etí, mo wá ń kọ́wọ́ sẹ́yìn rìn yí ilé náà ká bí ẹni tó ń ka ẹ̀kẹ́.

Ní ẹ̀gbẹ́ Pópó Àgùdà ni ilé náà wà, ní Èkó. Ilé alájà ni, wọ́n kọ́ ọ lọ́nà tí àwọn Àgùdà ń gbà kọ́lé, àwọn ọmọ Yorùbá tó ti oko ẹrú Brazil àti Cuba padà wálé, tí wọ́n sì kó iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà bọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọwọ́ wọn ṣe dán tó kó lọ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ló ya àwòrán rẹ̀. Alága wa kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé ilé mìíràn, ìyẹn Ilojo Bar, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní 2016, wọ́n gbé katapílà wá, wọ́n sì wó o lulẹ̀. Gbogbo ìgbà tí alága bá pè mí lórí fóònù, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni, “Tíṣà, ẹ rántí Ilojo o.” Bí ẹni pé èmi ni mo ni katapílà.

Ìwé la kọ́kọ́ ní láti kó. Mọ̀dámù tó ń ṣàkóso ilé ìkàwé náà ń lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní Ìbàdàn, oṣù mẹ́ta ni yóò lò. Kó tó lọ, ó kọ ìlànà sí ojú bébà kan fún mi: ká kó ìwé sínú páálí kéékèèké, ká kọ nọ́ńbà sí ara páálí kọ̀ọ̀kan bí ìwé ṣe tò lórí pẹpẹ. Lọ́jọ́ kejì, mo ra àkàrà, bébà tí wọ́n fi dì í fún mi ti rin gbingbin fún epo, mo sì fi èyí tó wà lápò mi kún un. Ìgbà tí mo jẹ àkàrà tán ni mo rántí ohun tó wà lójú rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni epo fi sílẹ̀ fún mi: “Ẹ má ṣe.”

Mo wá ní kí àwọn pẹ́ńtà kó ìwé náà. Àpò ìrẹsì ni wọ́n kó o sí. Ìwé wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọkùnrin mẹ́ta ló ń gbé àpò kan, èyí àkọ́kọ́ sì já nídìí lórí àtẹ̀gùn, tó fi jẹ́ pé Ìwé Ìtàn àti Ìwé Ìṣirò jọ yí gbirigbiri dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, ọ̀gá pẹ́ńtà fi ẹ̀rín pàdé mi. “Ọ̀gá, ẹ wá wo iṣẹ́ o.” Wọ́n ti fi àwọ̀ to gbogbo ìwé. Àpò pupa wà lọ́tọ̀, àpò aláwọ̀ ewé lọ́tọ̀, ti aláwọ̀ búlúù wà nítòsí fèrèsé. Kí n má parọ́, ó rẹwà. Mo tilẹ̀ yà á ní fọ́tò.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tó burú níbẹ̀, kó fetí sílẹ̀. Láti 1876 ni ọkùnrin Amẹ́ríkà kan, Melvil Dewey, ti pín gbogbo ìmọ̀ ayé sí ọ̀nà mẹ́wàá, láti 000 dé 999. Ẹ̀sìn wà ní 200, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wà ní 500, lítíréṣọ̀ wà ní 800, títí dé orí ẹran ọ̀sìn tó wà ní 636. Ìwé tí kò bá sí ní ipò nọ́ńbà rẹ̀ ti sọnù nìyẹn, bó tilẹ̀ wà níwájú yín. Nínú àpò pupa mi, Bíbélì, ìwé òfin, ìwé ọbẹ̀ sísè àti ìwé àrùn adìyẹ jọ ń gbé pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ògiri.

Bàbá Bíríkìlà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri níbi mélòó kan, bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ ń gbóná. Ó ní, “Tíṣà, ògiri yìí ń mí o. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì dí i nímú.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí yín, ṣùgbọ́n n ò rí ògiri onímú rí.” Àwọn lébírà bá mi rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n fura, nítorí ọjọ́ Ẹtì ni, èmi ni mo sì fẹ́ sanwó. Bàbá wò mí, ó gbé ṣọ́bìrì rẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi. Mo pe bíríkìlà ọ̀dọ́ kan, a rẹ́ ògiri náà ní sìmẹ́ńtì láti òkè dé ilẹ̀, a sì fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ó ń dán gbinrin. Oṣù kẹta ọdún ni, ẹ̀rùn ṣì mú. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí alága, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, “Ilojo kọ́ lèyí.”

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Tí mo bá fi ìka kàn án, ó ń dún bíi páálí òfìfo. Iyọ̀ funfun ń yọ lára rẹ̀, ọ̀dà ń bó. Mo ní ọ̀dà yẹn ni kò dáa, mo ní kí wọ́n tún un kùn. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan tí àwọn àlejò wá wo iṣẹ́. Mo kẹ̀yìn sí ògiri, mo ń ṣàlàyé fún wọn bí a ṣe tọ́jú ilé náà kó lè tún lo ọgọ́rùn-ún ọdún sí i. Mo gbọ́ “ṣùúrù!” lẹ́yìn mi. Sìmẹ́ńtì tó fẹ̀ tó ẹní kan ló já, ó balẹ̀, eruku sì bo èmi àti àlejò. Àlejò kan ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà.”

Òótọ́ ni bàbá sọ. Amọ̀ ni inú ògiri yẹn, láìmù ni wọ́n sì fi rẹ́ ẹ láyé àtijọ́, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tó ń jáde nígbà tí wọ́n bá sun ìkarahun tàbí òkúta ẹfun nínú iná. Omi ilẹ̀ máa ń gba inú amọ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀. Láìmù ń jẹ́ kó rí ọ̀nà jáde, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ. Èmi ni mo fi sìmẹ́ńtì ti ilẹ̀kùn mọ́ omi yìí, ni omi àti iyọ̀ inú rẹ̀ bá kúkú ta ilẹ̀kùn náà ní ìpá, wọ́n jáde.

Mo lọ bá bàbá lábẹ́ igi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti akoto lórí. Kò bú mi, ìbá tiẹ̀ sàn kó bú mi. Ohun tó ní ni pé, “Ẹ dìde, ẹ lọ ra láìmù. Ẹ sì lọ tún òrùlé ṣe ká tó fọwọ́ kan ògiri. Ta ní ń wọ aṣọ tuntun lábẹ́ odò?”

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Mọ̀dámù ti Ìbàdàn dé. Ó rí àwọn àpò. Ó jókòó lórí èyí tó jẹ́ pupa, ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé jẹ́jẹ́, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò náà, ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, èmi sì ń bá a gbà á. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ó na ìwé pẹlẹbẹ kan sí mi, kò wo ojú mi. Ìwé pupa ni. Nọ́ńbà 693 wà lẹ́yìn rẹ̀, ibi tí iṣẹ́ bíríkìlà àti ògiri rírẹ́ máa ń wà. Mo ṣí i. Láìmù ló kún inú rẹ̀, láti bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́ sómi títí dé orí bí wọ́n ṣe ń fẹ́ omi sí i lára lójoojúmọ́ kó má baà tètè gbẹ. Látọjọ́ yìí ni ìwé náà ti ń dúró dè mí, mo sì ti fi àpò ìrẹsì dì í.

Ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ìtìjú ni fún àwa tó kàwé?”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹni tó bá gbọ́ èyí tí kò gbọ́n, ó di dandan kó ṣí òrùlé ní oṣù kẹfà.

Mo ṣí i. Àwọn onípáànù ní tí a bá ṣí i lápá kan lápá kan, owó igi àtẹ̀gùn yóò di ìlọ́po méjì. Èmi, olùtọ́jú owó àdúgbò, mo ní kí wọ́n ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ká fi tapọ́líìnì bo orí. Lóru ọjọ́ kejì, atẹ́gùn gbé tapọ́líìnì náà lọ bo àtẹ alákàrà ẹ̀yìnkùlé. Òjò rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Òkè pátápátá ni a kó ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n dì pọ̀ sí, nítorí èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e jìnnà sí ikán. Àkéde Èkó wà níbẹ̀, ìwé ìròyìn tí I. B. Thomas dá sílẹ̀ ní 1928. Ibẹ̀ ni lẹ́tà Sẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ ti jáde ní 1929 sí 1930, tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé Èkó fi gbà pé obìnrin gidi ló ń jẹ́wọ́ ayé rẹ̀ fáwọn. Mo bá ìwé ìròyìn náà tó rin bí fùfú.

Mo mú áyọ́ọ̀nù. Ẹ má bi mí. Ojú ewé kan ṣoṣo ni mo lọ̀ kí ó tó dúdú ní àárín, ìpolówó oògùn ikọ́ ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo pe ọmọ kan tí mo kọ́ rí, tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó pariwo. Ó ní, “Sà, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀! Ẹ má sá a sóòrùn o. Tó bá kọjá wákàtí 48, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ẹ kó o sínú yìnyín kó dì gan-an, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi fáànù gbẹ ẹ́.”

Níbo la ti fẹ́ rí yìnyín tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Èkó? Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń ta ẹja tútù. Yàrá yìnyín rẹ̀ tóbi ju pálọ̀ mi lọ.

“Bàbá Dérìn, kí lẹ gbé wá?”

“Ìwé ìròyìn ni, mà.”

“Ṣé kí n máa bá yín tà á pẹ̀lú ṣáwà ni?”

“Rárá o, mà. Mo fẹ́ kó dì ni.”

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wọlé lọ, mo sì ń gbọ́ ọ lórí fóònù tó ń bi ìyàwó mi léèrè bóyá mo ti jẹun láti àná. Ṣùgbọ́n ó gbà. A kó ìdì mọ́kànlá sáàrin páálí títọ́ọ̀sì àti ṣáwà. Ọmọ yẹn ti ní kí n di ẹnu ọ̀rá pinpin. Mo di ti mẹ́rin, ọwọ́ mi dì, mo ní ìyókù náà yóò ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀. Oníbàárà kan tilẹ̀ nawọ́ sí ìdì 1929, ó bèèrè iye tí wọ́n ń ta kílò rẹ̀. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n, tí a ń tẹ́ bébà funfun sáàrin ojú ewé, tí fáànù ń fẹ́, Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ a máa wá lálaalẹ́ láti wo ibi tí Sẹ̀gilọlá bá ọ̀rọ̀ dé. Ó máa ń gbé ìgò ojú wọ̀, ó máa ń bínú sí àwọn ọkùnrin Sẹ̀gilọlá bí ẹni pé wọ́n jẹ òun ní gbèsè ẹja.

Ìwé náà là, yàtọ̀ sí ojú ewé oògùn ikọ́. Òrùlé dé lórí. Bàbá fi láìmù rẹ́ ògiri, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, fúnra rẹ̀ ló sì ń fẹ́ omi sí i láàárọ̀. Iṣẹ́ tí mo ní a ó fi oṣù mẹ́fà ṣe gbà wá ní oṣù mẹ́rìnlá.

Lọ́jọ́ ìṣílé, àlejò pàtàkì kan tẹ̀ síwájú láti wo Àkéde Èkó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dìde, ó fa imú. Ó ní, “Ṣé ẹ ní ilé ìdáná nísàlẹ̀ ni?” Alága yíjú sí mi. Mo yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n wojú òrùlé.

Láti ọjọ́ yẹn ni ológbò kan ti ń bẹ níwájú pẹpẹ yẹn. A lé e títí, ó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Mọ̀dámù ti yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀. Ó gé páálí pélébé kan, ó fi bírò pupa kọ 636.8 sí i, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ ibi tó máa ń sùn.