Orúkọ Màmá Wà Létí Àwo

Ọdún 2003 ni mo kó sídì oníṣẹ́jú 99 wálé láti Ìbàdàn, 50 ẹyọ tí wọ́n tò gègèrè sórí igi kan. Bí ẹni gba oyè ni mo ṣe gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù mi n'Íkirè. Sídì tí gbogbo ayé ń lò nígbà náà, ìṣẹ́jú 74 tàbí 80 ló ń gbà. Èmi rí 99, ojú mi wọlé.

Màmá kan l'Ápòmù ló pé ẹni 70 ọdún. Àkọ́bí rẹ̀, Bùọ̀dá, ní kí n gba orin eléré sílẹ̀, eléré yìí kì í sì í dákẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ń náwó. Mo gé ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò, ó ku ìṣẹ́jú 94. Àwo méjì ló yẹ kó jẹ́. Mo gba owó àwo méjì lọ́wọ́ Bùọ̀dá, mo sì gbà lọ́kàn mi pé ẹyọ kan ni n óò fi jíṣẹ́. (Ẹ má wò mí báyẹn.)

Mo ki àwo bọ kọ̀ǹpútà. Nero, ètò tí mo fi ń kọ àwo, ní orin ti pọ̀ jù, pé àwo yìí fúnra rẹ̀ sọ pé òun ò ju ìṣẹ́jú 80 lọ. Mo ní irọ́ ló ń pa, ṣebí 99 ni wọ́n kọ sí i lára! Mo wá ibi tí wọ́n ti ń fipá kọjá ìwọ̀n, mo tẹ̀ ẹ́. Ó tún bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú gan-an ni. Nígbà tó jáde, mo fi í sínú kọ̀ǹpútà tó kọ ọ́ náà, ó kọrin dópin. Àyẹ̀wò tí mo ṣe nìyẹn.

Mo ra dòdò Ìkirè, mo gun ọ̀kadà, kò pẹ́ tí mo fi dé Apòmù. Pálọ̀ ti kún. Orin ń lọ, Màmá ń mi orí, gbogbo wọn ń retí ìparí, torí ìparí ni eléré ti ki ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá kan Màmá. "Màmá wa, ọmọ a... a... a... a..." Bí ẹni tí òsúkè ń ṣe.

Màmá yíjú sí mi. "Ọmọ mi, ṣé a ò tíì san owó rẹ̀ tán ni?"

"Ẹ ṣe sùúrù, Màmá."

Mo wo ẹ̀yìn àwo, mo rí epo dòdò, pẹ̀lú àtẹ̀ka mi rekete. Mo ní ọwọ́ ti tẹ olè. Mo fi Omo fọ̀ ọ́, mo nù ún yípo yípo bí abọ́ ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ láti àárín lọ sí etí ni wọ́n ń nù ún. Òsúkè wá bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú 40. Mo sáré padà sí Ìkirè lọ kọ òmíràn, látorí igi kan náà! Ibi tí àkọ́kọ́ ti kọ́sẹ̀ lòun náà ti kọ́sẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń tún rédíò ṣe ló rẹ́rìn-ín tán kó tó là mí lóye. Àwo náà ò fẹ̀ sí i, sẹ̀ǹtímítà 12 náà ni. Àárín lorin ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa yí po bí ìkarahun ìgbín títí dé etí. Kí ìṣẹ́jú lè pọ̀, wọ́n fún ipa orin mọ́ra ju ìwọ̀n tí Philips àti Sony fi lélẹ̀, bí ẹni kọ ebè há ara wọn, wọ́n sì tún lé e dé bèbè. Ẹ̀rọ kan lè rí i kà, ẹ̀rọ kejì á pọ̀ ọ́. Nọ́ńbà pàápàá ò tó: lára àwo téèyàn ń kọ nǹkan sí, nọ́ńbà bíi 97 ti di ti ẹnu ọ̀nà, níbi tí orin ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó máa pe ara rẹ̀ ní 80.

Mo kọ orin náà sórí oníṣẹ́jú 80 méjì. Bùọ̀dá dúpẹ́ gan-an pé mo fi ẹyọ kan ṣe ènì. Mi ò fèsì.

Nígbà tí mo tún gba ọ̀dọ̀ Màmá kọjá, oníṣẹ́jú 99 méjèèjì ń fì lórí okùn láàárín àgbàdo ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń kọ mànà. Ó ní ẹyẹ ò débẹ̀ mọ́, ó bi mí bóyá irú rẹ̀ ṣì kù. Mo kó 48 tó kù fún un.