Àgbájọ Ọwọ́ Tó Já Bíréèkì

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àjèjì ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Àwọn bàbá wa ló sọ bẹ́ẹ̀, ìjọba sì gbọ́. Àmọ́ ìdajì rẹ̀ ni wọ́n gbọ́. Apá tó jẹ mọ́ ẹrù gbígbé ti bọ́ sọnù lọ́nà Àbújá. Àyà sísọ nìkan ló dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀.

Bí oṣù tó parí sí "ẹ́ńbà" bá ti wọlé báyìí, wọn á pe ìpàdé lórí ààbò ojú pópó, àfi bíi pé ọkọ̀ kì í dànù lóṣù Èrèlé. Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó á wá, ọlọ́pàá á wá, VIO tó ń yẹ ọkọ̀ wò á wá, yúníọ̀nù onímọ́tò á wá. Pásítọ̀ á gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ààfáà á gbàdúrà ìparí. Bánà tí wọ́n máa ta á fẹ̀ ju ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ. Alága á ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ìjọba nìkan, gbogbo wa la jọ ni ín. Wọn á pàtẹ́wọ́, wọn á ya fọ́tò, wọn á pín ẹ̀wù tó ń tàn yanran lóru fún àwọn tí kì í rìn lóru. Lẹ́yìn náà, oníkálukú á wọ ọkọ̀ rẹ̀, sáírìnì á ké, wọ́n á sì fi eré tó lé ní ọgọ́rùn-ún kọjá lára kòtò tí wọ́n torí rẹ̀ pàdé.

Ìgbìmọ̀ ò wọ́n wa rí. Láti 1974 ni ìjọba ológun ti dá ọ̀kan sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sì tọ́jọ́. Ní 1977, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, wà nídìí ẹ̀ dáadáa. Májàmájà ni àwọn èèyàn ń pè wọ́n, awakọ̀ tó bá sì rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, ẹsẹ̀ á kúrò lórí iná fúnra ẹ̀. Ìyẹn ṣiṣẹ́ o. Bóyá torí pé ó ṣiṣẹ́ náà ni ìjọba àpapọ̀ ṣe tú u ká ní 1983. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ kan náà fi òfin 45 ti 1988 dá FRSC, ìyẹn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, sílẹ̀, ó tún ránṣẹ́ pe Ṣóyínká kan náà pé kó wá jókòó sípò alága. Olú Agúnlóyè, ọmọ Àkókó níbí, ló kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀gá pátápátá àwọn ẹ̀ṣọ́ náà.

Àwọn òyìnbó pàápàá ò gbẹ́yìn. Ní 2015, gbogbo orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé kó tó di ìparí 2020, àwọn á ti dín ikú ojú pópó kù sí ìdajì. 2020 dé, èèyàn tó ń kú lọ́dún ṣì lé ní mílíọ̀nù kan. Ni wọ́n bá ṣe bí ajigbèsè tí olówó ká mọ́lé: wọ́n ní kí ayé máa bọ̀ ní 2030.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní a kì í fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí purọ́ mọ́ wa. Lóṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2021, tírélà tó kó sìmẹ́ńtì já bíréèkì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àkùngbá, lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìkàrẹ́, ó sì ya lu àwọn èèyàn lẹ́nu géètì Yunifásítì Adékúnlé Ajásin. Akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú àwọn tó kú. Gbogbo ẹnu ló ní bíréèkì ló já. Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ yẹn sílẹ̀, ká mú tírélà èyíkéyìí. Kí bíréèkì ẹ̀ tó já, ọwọ́ mélòó ló ti kàn án? Ẹnì kan ra táyà tòkunbọ̀ tó ti pá bí orí arúgbó. Mẹkáníìkì wo páàdì, ó ní, "Ọ̀gá, ó ṣì máa gbé e débẹ̀." Ẹnì kan ní ọ́fíìsì buwọ́ lu ìwé pé ọkọ̀ náà pé, láìrí ọkọ̀. Lójú ọ̀nà, ẹnì kan na ọwọ́, ẹnì kejì fi nǹkan sí i. Òfin ìrìnnà ojú pópó ti 2012 ní kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ má sá ju kìlómítà 45 ní wákàtí kan láàárín ìlú, kò sì sí ẹni tó bá a sọ ọ́. Àgbájọ ọwọ́ rèé!

Àwa èrò náà ò sì mọ́wọ́ kúrò. Ẹ wá sí gáréèjì Ọ̀wọ̀ níbi tí wọ́n ti ń pe Benin. Ìyá alágbo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó kàn, dẹ̀rẹ́bà gba paraga kan, ó ní ìbà ló ń ṣe òun. Wọ́n há èèyàn mẹ́rin mọ́ ìjókòó ẹni mẹ́ta nínú Sienna, wọ́n fi méjì síwájú. Ẹni tó bá fa bẹ́líìtì, wọ́n á bi í pé ṣé kò nígbàgbọ́ ni. Ọkọ̀ gbéra tán, ohùn kan á ti ẹ̀yìn wá: "Dẹ̀rẹ́bà, tẹ̀ ẹ́ o, ká tó dé Ifọ̀n kílẹ̀ má ṣú!" Èèyàn ò sì lè bú onítọ̀hún, nítorí ojú ọ̀nà yẹn náà, ní Ẹlẹ́gbẹ̀ká, ni àwọn agbébọn ti pa Ọlúfọ̀n ti Ifọ̀n, Ọba Israel Adéwùsì, lóṣù Bélú 2020. Bí awakọ̀ bá rọra, ajínigbé ń wò ó. Bó bá sáré, kòtò ń dúró dè é. Níbi tí kòtò bá sì ti mú un rọra ni ajínigbé máa ń fẹ́ràn láti dúró sí. Kòtò àti ajínigbé, àwọn nìkan ni mo rí tí àjọṣe wọn yọrí sí nǹkan.

Nítorí náà, mo ní àbá kan fún ìpàdé tó ń bọ̀. Kí wọ́n má ṣe é ní hòtẹ́ẹ̀lì. Kí gbogbo àwọn tí bánà wọn máa dárúkọ pàdé ní gáréèjì náà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n san owó ọkọ̀ fúnra wọn, kí wọ́n sì gba Ifọ̀n lọ sí Benin nínú Sienna, láìsí sáírìnì, láìsí ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀yìn ò gba òun, kí agbèrò fi òun àti alága há síwájú.