Kọfí Olóòórùn Ata

Owó ló fà á. Ilé kọfí kan wà ní Victoria Island tí mo máa ń yà sí tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Owó oúnjẹ ọ̀sán ni ife kan níbẹ̀, ìfófòó mílíìkì ló sì kún ìdajì ife. Mo bá ra ìkòkò kọfí àwọn ará Ítálì tí wọ́n ń pè ní moka, mo ra èso kọfí yíyan láti Mambilla. Nígbà tí bàbá ìyàwó mi yà kí wa lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo ní, "Ẹ jókòó, sà. Ẹ ò tíì mu kọfí rí láyé yín."

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìkòkò yìí, torí ó ti yé mi báyìí. Láti 1933 ni wọ́n ti ń ṣe é. Omi ń gbé ìsàlẹ̀, àrọ tí wọ́n ń da kọfí lílọ̀ sí wà láàárín, òkè ṣófo. Bí omi bá gbóná, ooru tó há sí ìsàlẹ̀ á ti omi gba inú kọfí gòkè. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kọfí ò gbọdọ̀ kúná jù, èèyàn ò gbọdọ̀ kì í mọ́lẹ̀, omi ò sì gbọdọ̀ kọjá irin kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni ooru ń gbà sá jáde tó bá pọ̀ jù.

Èmi lọ tèmi títí ó fi kúná bí èlùbọ́. Mo fi ìdí síbí kì í, mo tún fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Omi bo irin yẹn mọ́lẹ̀. Mo wá tan gáàsì dé ibi tó mọ.

A dúró. Bàbá wo aago. "Ó ń bọ̀, sà." Ìkòkò ń kùn, ó ń gbọ̀n lórí iná, òkè ṣì gbẹ táútáú. Ọlọ́gbọ́n á paná. Èmi ṣí ìdérí, mo ní kí Bàbá súnmọ́ ọn, kí wọ́n wo bí yóò ṣe máa sun. Fìììì! Kọfí lu àjà, ó lu fìríìjì, ó lu kàlẹ́ńdà ìjọ lára ògiri, ìyókù balẹ̀ sórí fìlà funfun tí Bàbá dé bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́run ló kó ojú wọn yọ. Ìyàwó mi sáré dé, ó wo àjà, ó wo fìlà, ó wò mí. Kò sọ̀rọ̀. Ì bá tiẹ̀ bú mi.

Àwọn tó ń gbé fídíò ìkòkò yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń bí mi nínú. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, "ó rọrùn, ó yá kíá." Nínú gbogbo èyí tí mo wò, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba irin yẹn! Ilé kọfí náà ń bí mi nínú. Kọfí ń hù ní Mambilla, ó ń hù ní Kàbà, kí ló dé tí ife kan fi ń gbowó bí ẹni tó wọ bàálù wá?

Bàbá nu ojú, wọ́n ní kí n bu èyí tó ṣẹ́kù wá. Wọ́n fà á mu. Ojú wọn pọ́n. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé abọ́ bùlẹ́ńdà tí ìyàwó mi fi ń lọ rodo gbígbẹ ni mo lò. Mo kàn gbọ̀n ọ́n nù ni. Bàbá wúkọ́, wọ́n fun imú, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ọkọ ọmọ mi, imú mi ṣí! Ó ti dí láti ọjọ́ yìí."

Wọ́n ti ròyìn rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Abẹ́òkúta. Àwọn bàbá kan ti fowó ránṣẹ́. Mo ti padà sí ilé kọfí ní tèmi, ṣùgbọ́n n ò tíì rí ẹni tí mo lè bi níbẹ̀ pé rodo mélòó ló ń lọ sí ife kan.